Ẹsẹ̀ Ìyàwó Kọ́ Ló Gbé Ridwan Sórí Bẹ́ǹṣì

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná kí ọkàn mi tó yí padà, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti kọ̀wé sí page yìí tí mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èmi ni mo kọ ìlà kan sórí ìwé kan ní ọ́fíìsì, ìlà yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ ọ̀rẹ́ mi sórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ìyàwó tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ni wọ́n ní ó gbé oríburúkú wọlé. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ tú yìgì wọn, wọ́n sì ti ní kí n wá jókòó láàárín àwọn àgbà. Ẹ dákun, ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè bi... ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, Peckham ni mò ń gbé, ó ti lé ní ogún ọdún. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fún mi ní nǹkan kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò kì í ṣì í kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí cleaner ní club bọ́ọ̀lù kan ní South London níbí. Mi ò ní dárúkọ club náà, mo sì ti yí orúkọ gbogbo èèyàn padà. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ ni ọ̀gá kan níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní Mr. D, ti rí ìwé kékeré kan lọ́wọ́ mi tí mo ń kọ ọjọ́ tí ọṣẹ tán àti ọjọ́ tí a ra òmíràn sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé mi mọ́ ju tòun lọ. Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni pé lẹ́yìn match kọ̀ọ̀kan, màá kọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré sílẹ̀, àwọn tó ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò kan pápá rárá. Gbogbo Monday ni mo máa ń gbé ìwé náà fún Mr. D, torí òun ló ń bójú tó owó àwọn player.

Ridwan kì í ṣe ọmọ tí mo bí, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Inú ẹgbẹ́ àsálátù ni èmi àti ìyá rẹ̀ ti pàdé, care work, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní apá Camberwell, nígbà tó bá sì wà ní shift, èmi ni mo máa ń mú ọmọ náà wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi training. Big Mummy ló ń pè mí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, agent rẹ̀ mú un wá sí club wa, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Bó ṣe rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mr. D rò pé ó yọ̀ ṣubú ni, ó sáré lọ gbé e dìde, ó ń bi í bóyá eékún ń dùn ún. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn báyìí...

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Líìgì tí club wa wà fi òpin sí iye tí club kan lè ná lórí owó gbogbo player rẹ̀ lọ́dún kan. Cap ni wọ́n ń pè é. Club tó bá kọjá cap, wọ́n máa yọ nínú point rẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kó ra player tuntun. Torí náà, àwọn club máa ń dá ọgbọ́n kan. Wọ́n máa fún player ní owó oṣù kékeré, wọ́n á wá fi bonus ńlá tì í: tí o bá gbá góòlù tó báyìí, tí o bá bẹ̀rẹ̀ match tó báyìí, a ó fún ẹ ní báyìí. Òfin líìgì wa ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé bonus tí player kò bá rí gbà lọ́dún tó kọjá, wọn kì í kà á mọ́ cap níbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó má rí i gbà lọ́dún yìí náà. Ó wà nínú contract, ṣùgbọ́n kò gba àyè kankan. Àmọ́ ọjọ́ tí player náà bá pé iye tí wọ́n kọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo bonus yẹn máa já wọ inú cap. Tí àyè bá ṣẹ́kù, kò sí wàhálà. Tí kò bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Ti Ridwan ni pé tó bá bẹ̀rẹ̀ match márùndínlọ́gbọ̀n láàárín ọdún bọ́ọ̀lù kan, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní August, bonus tó ju owó oṣù mẹ́fà rẹ̀ lọ ni wọ́n máa fún un. Tó bá jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ló ti wọlé, kò kà. Ọdún àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, méjìlélógún ló ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, bonus rẹ̀ ò sí nínú cap, ọkàn club sì balẹ̀. Nígbà tó di January, wọ́n ra striker kan, ó sì gba gbogbo àyè tó kù.

January yẹn náà ni Ridwan fẹ́ Ṣúkúrá. Ọmọ Walworth ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọdé, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹyẹ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì, nígbà tí a mú un dé ilé ọkọ, ìyá Ridwan ní èmi ni kí n da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé, torí èmi ni mo dàgbà jù lọ. Floor kẹta ni ilé wọn wà. Mo da omi náà, ó ṣàn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, obìnrin Òyìnbó náà sì jáde, ó ń bi wá bóyá páìpù ló bẹ́. Ìyá Ridwan ní kò sí páìpù tó bẹ́ o, ire ló ń ṣàn wọlé. Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, Ridwan gbá góòlù méjì. Ìyá rẹ̀ pè mí láti ibi iṣẹ́, ó ń pariwo, ó ní Àǹtí mi, ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ire ló gbé wọlé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ẹnu kan náà ló sọ ọ́.

Ó wá di Monday kan ní ìparí February. Mo kọ ìwé mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ridwan, mẹ́rìnlélógún. Iye nìkan ni wọ́n gbà mí sí láti kọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan míì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo to contract rẹ̀ sínú fáìlì, mo mọ márùndínlọ́gbọ̀n tó wà níbẹ̀. Mo sì ti rí ìwé cap lórí tábìlì Mr. D, mo mọ̀ pé kò sí àyè mọ́. Mo fi bírò pupa sàmì sí orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ku match ẹyọ kan kí bonus rẹ̀ wọ inú cap, àti pé cap ti kún. Kí ló dé tí mo kọ ọ́? Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi. Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì ni? Wọláì, rárá. Mo rò pé Mr. D máa wá ọgbọ́n kan dá, kó ta ẹnìkan, kó bá àwọn líìgì sọ̀rọ̀... Àbí mi ò ro nǹkan kan? Àbí mo kàn fẹ́ kí ọkùnrin yẹn mọ̀ pé mo rí ohun tí òun ò rí?

Mr. D ka ìwé náà, ó wò mí, ó tún un kà. Ó pe manager wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ògiri ọ́fíìsì wa kò nípọn. Mo gbọ́ tí manager pariwo pé òun ò ní player tó sáré tó ọmọ yẹn. Mr. D ní kó fi í sí i nígbà náà, kí líìgì wá yọ point wọn, kí àwọn méjèèjì jọ wá iṣẹ́ míì. Nígbà tó di Wednesday, Mr. D gbé páálí ṣokoléètì kan sórí tábìlì mi. Ó ní mo gba club là. Ó ní kí n má gbàgbé ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì, pé ohun tó wà nínú fáìlì kò gbọ́dọ̀ jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yìn mí rí. Mo gbé ṣokoléètì náà lọ sílé Ridwan. Ṣúkúrá ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti lóyún.

Saturday yẹn, Ridwan wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n fi í wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Saturday tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tó yá, wọn ò fi í wọlé rárá. Ó kọ́kọ́ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní Big Mummy, gaffer is moving mad, manager ló ń pè bẹ́ẹ̀, ó ní bóyá striker tuntun yẹn jẹ́ in-law rẹ̀ ni. Ó ń lọ training kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló sì ń kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn. Kò mọ̀ pé bó ṣe wù kó sáré tó, kò sí ẹni tó máa fi í bẹ̀rẹ̀ match mọ́. Bí mo bá rí i tó ń ti orí pápá bọ̀, tí òógùn bò ó, èmi á sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìn kí a má bàa pàdé.

Ìyá rẹ̀ wá bi mí. Lẹ́yìn àsálátù ni, a ń wọ bàtà wa. Ó ní Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, kí ni ọmọ mi ṣe fún wọn? Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ọ́fíìsì ni mo wà, mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ó tún bi mí bóyá nǹkan kan wà nínú contract. Mo ní kò sí. Ó so okùn bàtà rẹ̀ tán, ó ní tí kò bá sí nílé iṣẹ́, a jẹ́ pé inú ilé ló wà nìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ìgbà wo ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú? Lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ta ló wọlé? Ṣúkúrá. Ìyá Ridwan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nínú ilé ìdáná, ó ń sọ ọ́ lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ẹbí ní Ìlọrin, ó ní àwọn ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi adùn wọlé kí ìkorò tó dé. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní Ìyá Ridwan, nígbà míì àwọn club máa ń tìtorí owó ṣe nǹkan. Ó ní ẹ má gbè é lẹ́yìn, Àǹtí mi, àánú ẹ ti pọ̀ jù. Mi ò tún dán an wò mọ́. Ridwan kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní Mummy, that's not even a thing. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn kan náà lójoojúmọ́... Ní April, mo wà nílé wọn nígbà tí Ṣúkúrá gbé bàtà bọ́ọ̀lù Ridwan kúrò lójú ọ̀nà láti gbálẹ̀. Ridwan pariwo mọ́ ọn pé kó má fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin náà gbé bàtà náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó ní ẹ má bínú. Ó ti lóyún oṣù mẹ́ta nígbà náà.

Ní May, àwọn ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní kí Ṣúkúrá lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Walworth. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo ní kí gbogbo wa máa ṣe sùúrù. Ìyẹn nìkan ni mo rí sọ. Ní June, contract Ridwan parí, club ò tún un ṣe. Àwọn club míì ń béèrè ìdí tí kò fi gbá bọ́ọ̀lù láti March, wọ́n rò pé ó ní àrùn tó ń fi pamọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse báyìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ tú yìgì náà nígbà yẹn, Àfáà tó so yìgì wọn ló ní kí wọ́n dúró kí Ṣúkúrá bímọ ná. Ó ti bí i, obìnrin ni. Ridwan wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó gbé ọmọ náà, ó sunkún, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo rí Ṣúkúrá ní Rye Lane. Ó dúró níta ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òtútù ń mú, ọmọ wà nínú pram. Mo ní kí ló dé tí kò wọlé. Ó ní Mummy, wọn ò tíì tajà kankan láàárọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé iṣu àti ata jáde wá fún un. Ó wá bi mí, ó rọra bi mí, ó ní ṣé ẹsẹ̀ máa ń ràn dé ara ọmọ? Ẹ̀yin èèyàn mi... ó ti gbà á gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Mo ní kó máa lọ sílé, pé òtútù á mú ọmọ. Mo yà sí ọ̀nà ibùdó ọkọ̀, mi ò mọ bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, tó bá ti kan ẹsẹ̀, ọwọ́ mi máa ń dúró. Omi á máa ṣàn, èmi á máa wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń rí, ẹsẹ̀ kékeré pẹ̀lú lálì, tí mo da omi sí tí mo ń ṣàdúrà fún. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́.

Kí ló ń bà mí lẹ́rù? Màá sọ òótọ́. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ń bà mí lẹ́rù, torí tí mo bá sọ ohun tó wà nínú fáìlì, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ta ló máa gba obìnrin ọjọ́ orí mi sí ọ́fíìsì? Club á ní manager ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó bá fẹ́, kò sì sí ẹ̀rí àfi ìwé tí mo kọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló tóbi jù. Tí mo bá ní contract ló fà á, ìyá Ridwan máa bi mí ní ìbéèrè kan péré: ta ló sọ fún wọn pé ó ku ẹyọ kan? Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ká ní mo ti sọ ọ́ ní March, Ridwan ì bá lọ bá ẹgbẹ́ àwọn player, kó ní kí wọ́n jà fún òun, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí pápá lónìí. Ṣé ó máa dárí jì mí? Ṣé ẹ̀yin máa dárí jì mí, tó bá jẹ́ ọmọ yín?

Ìyá Ridwan pè mí lánàá. Ó ní ìyá Ṣúkúrá ń ta kú, ó ń sọ pé dandan ni kí nǹkan míì ti fà á níbi iṣẹ́, pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ òun. Ó ní nítorí náà, èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Pé club náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mi ò kì í purọ́, tí mo bá ti lè sọ lójú gbogbo wọn pé kò sí nǹkan kan nínú contract, ọ̀rọ̀ parí, Àfáà máa tú yìgì. Ó ní Ṣúkúrá fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun ò ní jà, ohun tí Mummy bá sọ ni òun máa gbà.

Èmi ni Mummy yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ṣé kí n lọ bá Ridwan lọ́tọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Ṣé kí n pe àìsàn mọ́ra kí n má lọ, kí wọ́n tú u láìsí mi... ṣé ìyẹn náà kì í ṣe irọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sunday. Tí ẹ bá máa bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tó yẹ kí n ṣe sí ìdí èébú náà.